Bisikíìtì oníyọ̀ aláìní gluten

Bisikíìtì oníyọ̀ aláìní gluten jẹ́ ìpápánu gbígbẹ, pẹlẹbẹ, tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì, ẹ̀wà, àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ẹ̀gẹ́ yan dípò ìyẹ̀fun àlìkámà. Oríṣi èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé kò ní ẹyin, wàrà, bọ́tà tàbí ohun mìíràn tí ó ti ara ẹranko wá nínú. Iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà ni ó ń fún un ládùn, kì í ṣe ṣúgà. A lè ṣe é nílé láìlo ẹ̀rọ pàtàkì kankan. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìpápánu lásán ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní àrùn celiac, ibi tí a ti lọ ìyẹ̀fun rẹ̀ àti àwo tí a yan án lé lórí ni yóò sọ bóyá ó ṣeé jẹ tàbí kò ṣeé jẹ.

Orúkọ

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà "bisikíìtì" ti wọ èdè Yorùbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á láti inú èdè Faransé. Orírun rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Látìn méjì, bis àti coctus, tí ó túmọ̀ sí ohun tí a sè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àtijọ́, wọ́n máa ń yan àkàrà náà, wọn a sì tún dá a padà sínú ààrò kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ tán, kí ó má baà hùkàsì lójú ọ̀nà jíjìn tàbí lórí òkun. Ní Amẹ́ríkà, "cracker" ni wọ́n ń pe oríṣi oníyọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní bisikíìtì níbẹ̀ jẹ́ àkàrà rírọ̀ tí a ń jẹ ní gbígbóná.

Oúnjẹ tí kò ní ohun ẹranko kankan nínú ni a ń pè ní "vegan". Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀.

Ìtàn

Bisikíìtì tí kò ní ẹyin tàbí wàrà nínú kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1801, Josiah Bent bẹ̀rẹ̀ sí í yan bisikíìtì fún títà ní ìlú Milton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni ó fi ń ṣe é ní pàtàkì. Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀ràn fún àwọn alásè ni bí a ṣe lè yọ àlìkámà kúrò nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe oúnjẹ pẹlẹbẹ tí ó ń dún lẹ́nu láìlo àlìkámà. Àwọn Taíno, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ àwọn erékùṣù Kàríbíà kí àwọn ará Yúróòpù tó débẹ̀, máa ń rin ẹ̀gẹ́, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a sì yan án lórí àwo gbígbóná di casabe. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Cuba àti Haiti títí di òní, UNESCO sì fi ìmọ̀ nípa ṣíṣe é kún àkójọ àwọn ogún àṣà aráyé ní 2024. Ní Íńdíà, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe papad. Ní Japan, ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe senbei, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ sóyà tí wọ́n máa ń fi pa á lára sábà máa ń ní àlìkámà nínú.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe kókóró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n fi ń ṣe ìpékeré, ẹ̀wà sì ni wọ́n fi ń ṣe àkàrà. Kò sí àlìkámà nínú ìkankan wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé inú òróró ni a ti ń dín wọn, nígbà tí bisikíìtì jẹ́ ohun tí a ń yan.

Gluten àti iṣẹ́ rẹ̀

Gluten ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn èròjà amúaradàgbà kan tí ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Nínú àlìkámà, méjì ni ó ṣe pàtàkì jù: gliadin àti glutenin. Nígbà tí a bá da omi sí ìyẹ̀fun àlìkámà tí a sì ń pò ó, àwọn méjèèjì yóò so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n. Àwọ̀n yìí ni ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró sínú búrẹ́dì títí yóò fi wú, òun ni ó sì ń jẹ́ kí àpòpọ̀ náà máa nà bí rọ́bà.

Bisikíìtì kò nílò àwọ̀n náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe búrẹ́dì ń fẹ́ kí àpòpọ̀ rẹ̀ nà, kí ó sì wú. Ẹni tí ó ń ṣe bisikíìtì ń fẹ́ kí tirẹ̀ gbẹ, kí ó sì rọrùn láti dá sí méjì. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti yan bisikíìtì dídára láìsí gluten ju búrẹ́dì lọ. Ohun tí ó kù ni kí a wá nǹkan mìíràn tí yóò so ìyẹ̀fun pọ̀, kí ó má baà fọ́ yángá kí ó tó dénú ààrò.

Àrùn celiac

Nínú ara ẹni tí ó ní àrùn celiac, gluten máa ń ru agbára tí ara fi ń bá àrùn jà sókè, agbára náà yóò sì kọjú ìjà sí ìfun kékeré. Àwọn ohun tín-ín-rín bí ọmọ ìka tí ó bo inú ìfun náà, tí ó ń fa oore oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa jẹ lọ. Ìgbẹ́ gbuuru, inú wíwú, rírù, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìdàgbà ọmọdé wà lára àwọn àmì rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì ní in láìrí àmì kan gbòógì. A máa ń jogún ewu rẹ̀ nínú ìdílé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni a ṣírò pé ó ní in káàkiri ayé. Kì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó nìkan: ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1999 rí i pé ó wà lára ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọdé Sahrawi, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Oníṣègùn Samuel Gee ti ṣe àpèjúwe àrùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1888, ṣùgbọ́n kò tí ì hàn sí ẹnikẹ́ni nígbà náà pé àlìkámà ni ó ń fà á. Willem Karel Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ó tú àdììtú náà. Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, nígbà tí ogun mú kí ìyàn mú ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí búrẹ́dì sì ṣọ̀wọ́n, àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń ṣe ń gbádùn sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn padà wá. Dicke kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Utrecht ní 1950.

Títí di ìsinsìnyí, yíyẹra fún gluten ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni ni ìtọ́jú kan ṣoṣo tí ó fìdí múlẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá fura pé òun ní àrùn náà ní láti ṣe àyẹ̀wò kí ó tó jáwọ́ nínú jíjẹ àlìkámà, nítorí pé bí ó bá ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò lè má fi àrùn náà hàn mọ́. Ẹni tí kò ní àrùn celiac, tí àlìkámà kò sì ń yọ lẹ́nu, kò ní ìdí ìlera tí yóò fi sá fún gluten.

Àwọn ìyẹ̀fun

Kò sí ìyẹ̀fun kan tí ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ àlìkámà. Nítorí náà ni a ṣe ń po méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí ọ̀kan lè dí àléébù èkejì.

- Ìyẹ̀fun ìrẹsì máa ń jẹ́ kí bisikíìtì gbẹ, kí ó sì máa dún lẹ́nu. Bí kò bá kúnná, yóò máa ṣe bí iyanrìn lábẹ́ eyín.
- Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ojú bisikíìtì pọ́n dáadáa. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yan án gbẹrẹfu nínú agbada kí òórùn ẹ̀wà tútù lè kúrò nínú rẹ̀.
- Ìyẹ̀fun àgbàdo ń fún un ní àwọ̀ àti adùn. Bí ó bá pọ̀ jù, bisikíìtì yóò máa rún wómúwómú.
- Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ní adùn tí ó wúwo díẹ̀, ó sì bá ata àti àlùbọ́sà mu.
- Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan fúyẹ́, kò sì ní òórùn. Ó yàtọ̀ sí láfún, èyí tí a rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sómi títí ó fi kan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, àti FIIRO ní Oshòdì ní Èkó, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè lo ìyẹ̀fun yìí fún búrẹ́dì àti bisikíìtì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú, nítorí náà, èyí tí a ti ṣètò dáadáa ni kí a lò.
- Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ń so àwọn ìyókù pọ̀. Díẹ̀ ni a ń fẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, bisikíìtì yóò le bí òkúta.

Óòtù kò ní gluten àlìkámà lára fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oko àti ẹ̀rọ kan náà ni òun àti àlìkámà sábà máa ń gbà kọjá. Èyí tí a kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní gluten nìkan ni ó yẹ fún aláàrùn celiac, àwọn díẹ̀ lára wọn kì í sì í lè jẹ ẹ̀ náà.

Nínú àwọn ohun tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà ní Nàìjíríà, fúláwà, sẹ̀mó, búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù àti mínpáì ni àlìkámà wà nínú wọn. Ọkà báálì sì ni a sábà fi ń ṣe mọ́ltì. Ìkankan nínú wọn kò yẹ fún ẹni tí ó ń sá fún gluten.

Ohun tí ń so ìyẹ̀fun pọ̀

Nínú bisikíìtì olóríṣiríṣi, gluten àti ẹyin ni wọ́n ń so àpòpọ̀ pọ̀. Nígbà tí a bá yọ méjèèjì, ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà ń gbà rọ́pò wọn.

Èkíní ni omi gbígbóná. Gẹ́gẹ́ bí omi híhó ṣe ń sọ ògì di ẹ̀kọ mímu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń mú kí sítáàṣì inú ìyẹ̀fun wú, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ara. Ìdí nìyí tí àpòpọ̀ tí a fi omi gbígbóná pò fi ń gbà kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, tí èyí tí a fi omi tútù pò fi ń sán.

Èkejì ni àwọn èso àti ewébẹ̀ tí ó ń fà. Èso flax tàbí chia tí a lọ̀, tí a sì rẹ sínú omi, yóò di ohun yíyọ̀ tí ó jọ funfun ẹyin. Orúnlá lílọ̀ kúnná náà máa ń fà nínú omi bákan náà. Díẹ̀ ni kí a lò, kí adùn ilá má baà borí. Èèpo èso psyllium lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni ó wúlò fún jù.

Ẹ̀kẹta ni xanthan, lẹ́bulẹ́bú kan tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń pèsè láti ara ṣúgà. Ìwọ̀nba bíńtín rẹ̀ ti tó.

Omi tí a fi se ẹ̀wà, tí a ń pè ní aquafaba, tún máa ń rọ́pò ẹyin. Joël Roessel, ará Faransé, ni ó fi hàn ní 2014 pé a lè lù ú títí yóò fi hó bí funfun ẹyin. Àkàrà òyìnbó aládùn ni ó wúlò fún jù. Bisikíìtì oníyọ̀ pẹlẹbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ọ̀rá àti adùn

Òróró ẹ̀pà, òróró àgbọn àti epo pupa ni wọ́n ń dípò bọ́tà. Ọ̀rá máa ń bo ara ìyẹ̀fun, kì í sì í jẹ́ kí bisikíìtì le koko. Epo pupa ń fún un ní àwọ̀ àti òórùn tirẹ̀. Yànmọ̀tí, ẹ̀gúsí, ewé efinrin gbígbẹ, ata gígún àti ìrù tí a sá gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́ jẹ́ adùn tí ó bá a mu. Edé kò yẹ fún un, nítorí pé ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Májí olómi àti oníhóró ńkọ́? Ó yẹ kí a ka ara páálí wọn, nítorí pé àlìkámà tàbí ohun ẹranko lè wà nínú wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é

Àwọn ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yìí yóò tó nǹkan bí bisikíìtì 50, tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.

- Ìyẹ̀fun ìrẹsì, gíráàmù 120
- Ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a ti yan, gíráàmù 80
- Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, gíráàmù 40
- Èso flax lílọ̀, gíráàmù 10, pẹ̀lú omi tútù mílílítà 45
- Yànmọ̀tí, gíráàmù 20
- Iyọ̀, gíráàmù 4
- Àlùbọ́sà gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí kékeré 1
- Ata gígún àti béékìn páúdà, ìlàjì ṣíbí kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan
- Òróró, mílílítà 45
- Omi gbígbóná, mílílítà 80 sí 100

1. A ó rẹ flax sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10, títí yóò fi máa fà.
2. A ó jọ àwọn ìyẹ̀fun, sítáàṣì àti béékìn páúdà sínú abọ́ kan, a ó sì da iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti yànmọ̀tí pọ̀ mọ́ wọn.
3. A ó da òróró sí i, a ó sì fi ìka rún un títí yóò fi dà bí gaàrí tútù.
4. A ó da flax sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fi ṣíbí rò ó, títí yóò fi di odidi kan tí kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kò pọn dandan kí omi náà tán.
5. A ó bò ó fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ìyẹ̀fun ìrẹsì máa ń lọ́ra láti mu omi. Bí a bá kánjú, yóò máa ṣe bí iyanrìn.
6. A ó fi í sáàárín bébà ìyan méjì, a ó sì fi igi tàbí ìgò yí i títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó mílímítà 2 sí 3. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ dọ́gba níbi gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí yóò jóná kí àárín tó gbẹ.
7. A ó fi ọ̀bẹ là á, a ó sì fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ooru lè rí ọ̀nà jáde.
8. A ó yan án nínú ààrò tí a ti mú gbóná dé 180 °C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n.
9. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì rọ̀, a ó dín iná kù sí 120 °C, a ó sì dá a padà fún ìṣẹ́jú 10. Yíyan ẹ̀ẹ̀mejì tí ó fún bisikíìtì lórúkọ nìyí.
10. A ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí a tó kó o sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí tí ó fún.

Ẹni tí kò ní ààrò lè lo ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀, tí a sì gbé àwo lé lórí ohun kan nínú rẹ̀. A ó dé e, a ó sì jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí bisikíìtì tó wọ inú rẹ̀. Ojú àti imú ni òṣùwọ̀n níbẹ̀, nítorí pé ooru rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Kò dára kí a máa tọ́ àpòpọ̀ tútù wò, nítorí pé ìyẹ̀fun tí iná kò tí ì kàn lè ní kòkòrò àrùn nínú.

Àwọn àléébù tí ó wọ́pọ̀

Bí àpòpọ̀ bá ń sán nígbà tí a ń tẹ́ ẹ, omi kò tó tàbí kò tí ì sinmi tó. Bí bisikíìtì bá le jù, sítáàṣì ti pọ̀ jù tàbí òróró kò tó. Bí ó bá ń rún kí a tó gbé e dẹ́nu, ohun tí ń so ó pọ̀ ni kò tó. Bí ó bá dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ olómi ti wọ inú rẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìgbà òjò ju ìgbà ọyẹ́ lọ; bí a bá dá a padà sínú ààrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò tún gbẹ.

Ìdàpọ̀ gluten

Ìyẹ̀fun tí kò ní gluten láti oko wá lè ní in kí ó tó délé. Ìlànà Codex Alimentarius, tí ó jẹ́ ti àjọ FAO àti WHO, sọ pé oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní gluten kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Òṣùwọ̀n kan náà ni Amẹ́ríkà fi sínú òfin ní 2013. Bí a bá ka gluten sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹ̀fun àlìkámà, gíráàmù 1 péré tí ó bá já sínú kìlógíráàmù kan ìyẹ̀fun ìrẹsì yóò mú mílígíráàmù 100 wọ inú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ohun tí ìlànà gbà láyè, kò sì ní hàn sójú rárá. Ooru ààrò kì í sì í pa gluten run.

Ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún un láti wọlé. Bí ẹ̀rọ kan náà bá ń lọ àlìkámà, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ fún oníbàárà oríṣiríṣi, ohun tí ẹni ìṣáájú lọ̀ máa ń ṣẹ́ kù sí ọ̀fun rẹ̀. Fífi ìwọ̀nba ìrẹsì fọ ẹ̀rọ náà kì í tó láti kó o kúrò tán. Fún aláàrùn celiac, ó sàn kí a lọ̀ ọ́ nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àlìkámà kò wọ̀ rí, tàbí kí a ra ìyẹ̀fun tí a kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní gluten.

Ajọ̀, ọpọ́n igi àti igi ìyí-ìyẹ̀fun máa ń fi ìyẹ̀fun pamọ́ sínú ihò wọn, nítorí náà, ó yẹ kí tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kò yẹ kí a ṣe é ní ilé ìdáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ fúláwà, nítorí eruku rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òróró náà kò yàtọ̀: àkàrà kò ní gluten, ṣùgbọ́n èyí tí a dín nínú òróró tí pọ́fù-pọ́fù ti kúrò kì í ṣe aláìní gluten mọ́.

Oore rẹ̀ nínú ara

Pípo ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ ní àǹfààní ju ti adùn lọ. Èròjà lysine kò pọ̀ nínú ọkà, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Methionine kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọkà. Nígbà tí a bá jẹ méjèèjì, èròjà amúaradàgbà tí ara rí gbà yóò pé sí i. Bisikíìtì tí a fi sítáàṣì nìkan ṣe kò ní irú oore yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò ní gluten. Ẹni tí kì í jẹ ohun ẹranko rárá gbọ́dọ̀ wá fítámì B12 láti ibòmíràn, nítorí pé kò sí nínú bisikíìtì yìí.

Àìní gluten kò túmọ̀ sí pé ó bá gbogbo ara mu. Yànmọ̀tí, ẹ̀pà àti sóyà jẹ́ èèwọ̀ ara fún àwọn mìíràn, nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ó ṣe é sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bákan náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí kò ní gluten ni kò ní ohun ẹranko: pão de queijo ti ilẹ̀ Bràsíl jẹ́ àkàrà sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí kò ní àlìkámà nínú, ṣùgbọ́n wàràkàṣì àti ẹyin wà nínú rẹ̀.